Ṣé o mọ̀? Àṣìṣe márùn-ún, ilẹ̀kùn a tì

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára dáadáa lè kan ilẹ̀kùn gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó wà fún aráyé, tí wọ́n lé ní bílíọ̀nù 3, kí wákàtí kan tó pé. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀daràn fi ń rí server tuntun kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti rí i, ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wò ní pọ́ọ̀tù 22, ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó ni server máa ń gbà wọlé láti òkèèrè, tọ̀sán-tòru.

Fail2ban, ètò ọ̀fẹ́ kan, ló ń ṣọ́ wọn. Bí àdírẹ́sì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 10, á ní kí firewall, ìyẹn ògiri ààbò server náà, lé e sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 10. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni server lè mú ìyà náà le sí i. Pẹ̀lú ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ yìí, àdírẹ́sì kan kò lè dán ju nǹkan bí ìgbà 720 wò lóòjọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà péré yóò gbà á ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó dán gbogbo rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀daràn a máa lo ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, sọ fún firewall rẹ pé àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ nìkan ni kó jẹ́ kó dé pọ́ọ̀tù 22.