Amọ̀ tó ń di nǹkan olówó ńlá mú

Ṣé ẹ mọ̀ pé ara amọ̀ ni wọ́n ti ń rí dysprosium tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò oníbátìrì? Ní Jiangxi, gúúsù Ṣáínà, òjò àti ooru jẹ òkúta granite títí tó fi di amọ̀. Omi òjò tú àwọn èròjà rare earth jáde. Chájì ara amọ̀ jẹ́ negative, tiwọn jẹ́ positive, ni wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra.

Wọn ò wọnú o, ìta ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti kó wọn: wọ́n á da omi ammonium sulphate sórí òkè, ammonium á gbapò wọn, wọ́n á bá omi ṣàn jáde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ammonium yẹn náà ń ṣàn wọ odò. Mọ́tò yẹn ò ní rú èéfín lóòótọ́, àmọ́ omi ẹlòmíì ti bàjẹ́.