Odò Ló Gbé Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú Wá

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, akọ òkúta kì í pẹ́ yọjú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sún mọ́ Ìjẹ̀bú-Òde, òkúta náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rì sábẹ́ iyanrìn, amọ̀ àti ilẹ̀ pupa. Nígbà tí a bá fi máa dé Ẹ̀pẹ́, ó ti jìn kọjá ibi tí ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lè dé. Iyanrìn tó bò ó yìí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àlejò ni, odò ló gbé e wá.

Ohun mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú akọ òkúta: quartz, feldspar, àti mica tó máa ń kọ mànà lójú oòrùn. Òjò kì í bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jà bákan náà. Feldspar máa ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di amọ̀ funfun. Quartz kì í jẹrà ní tiẹ̀. Á kàn já bọ́ ní wóró-wóró, àgbàrá á sì gbá a lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú iyanrìn wa. Ní Bioko, erékùṣù tí àwọn ará Nàìjíríà tó lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó mọ̀ sí Fernando Po, iyanrìn dúdú ló wà ní àwọn etíkun kan, nítorí òkè tó ń yọ iná ló bí erékùṣù náà, òkúta tó tú jáde níbẹ̀ kì í sì í sábà ní quartz.

Àmọ́ níbo ni odò fẹ́ da ẹrù rẹ̀ sí? Nígbà kan, òkun kò tíì sí níwájú wa, ilẹ̀ wa àti ti Bràsíl ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ó lé ní ọdún mílíọ̀nù 100 sẹ́yìn tí wọ́n ti ń ya. Bí wọ́n ṣe ń ya ni etí ilẹ̀ ń rì, tí àfo gbọọrọ fi ṣí láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, dé ọ̀dọ̀ wa. Iyanrìn tó nípọn àti òkúta wẹẹrẹ ló kọ́kọ́ balẹ̀ sínú rẹ̀, lórí akọ òkúta gan-an, wọ́n sì dì pọ̀ di òkúta iyanrìn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta. Orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí Olúmọ tí gbogbo ayé mọ Abẹ́òkúta mọ́ kò sí lára rẹ̀: akọ òkúta ni Olúmọ. Ní 1981, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Omatsola àti Adegoke, pín òkúta iyanrìn yìí sí ìpele mẹ́ta.

Òkun wọlé lẹ́yìn náà. Karawun ẹran omi kó jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó di òkúta ẹfun Ewékorò ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 60 sẹ́yìn. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀, ìyẹn bitumen, náà wà: ó rin òkúta iyanrìn Abẹ́òkúta, láti ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú dé Òkìtìpupa, títí wọ ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1908, ogun 1914 ló lé wọn lọ.

Pupa ilẹ̀ wa ńkọ́? Òjò ló ṣe é. Ó ń fọ ohun tó lè yọ́ lọ, irin kò yọ́, ó dípẹtà síbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti rí afẹ́fẹ́ tó sì gbẹ, á le, á di yangí, irú èyí tí a ń rí níwájú ojúbọ Èṣù.

Inú ilẹ̀ yìí ni àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ Eredo sí, kòtò àti òkìtì tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tí ògiri rẹ̀ sì ga tó mítà 20 níbòmíràn. Ìtàn fi Bílíkísù Súngbọ́, ẹni tí ojúbọ rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, ṣe olówó iṣẹ́ náà. Ká ní akọ òkúta ló wà níbẹ̀, ọkọ́ ì bá ti kán lọ́wọ́ wọn. Ká ní iyanrìn lásán ni, ògiri náà ì bá ti ya lulẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ pupa gbà fún ọkọ́, ó sì tún le lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán. Òun ni ògiri náà fi dúró ṣánṣán di òní.