Okùn ìpa-ẹ́ńjìnnì

Okùn ìpa-ẹ́ńjìnnì jẹ́ okùn kékeré, tí ó sábà máa ń pupa, tí ó so awakọ̀ ojú omi pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí a gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ kan ni a ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí itan awakọ̀. Orí kejì ní ike pẹlẹbẹ kan tí a ń há sábẹ́ bọ́tìnnì ìpa-ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ bá ṣubú, okùn náà yóò fa ike yọ, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú lójú ẹsẹ̀.

Ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ láti Ìgbókòdá lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́bàá òkun, ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò, òun náà ni ọ̀kadà. Awakọ̀ máa ń wà ní ìdí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá kọlu ìtì igi tí ó rì, ó lè ta awakọ̀ nù. Ewu ibẹ̀ sì ju ti rírì lọ: nígbà tí kò bá sí ọwọ́ tí ó dì í mú, ẹ́ńjìnnì lè yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á máa yí po, títí yóò fi padà wá sórí ẹni tí ó bọ́ sómi. Abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí lábẹ́ omi kò mọ ọ̀gá rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni yíyọ ike náà ń já iná. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń lo bẹntiróòlù, òdìkejì rẹ̀ ni. Òòfà tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ni ó ń pèsè iná fún pulọ́ọ̀gì, kò nílò bátìrì láti máa ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí ike bá yọ, bọ́tìnnì yóò wọlé, wáyà méjì yóò kan ara wọn, iná pulọ́ọ̀gì yóò sì gba ara irin ẹ́ńjìnnì lọ. Ìdí nìyí tí wáyà tí iyọ̀ òkun ti jẹ já fi léwu: ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n okùn kò ní lè pa á. Kí a fa okùn yọ ní èbúté kí a tó gbéra ni ọ̀nà tí ó dájú láti mọ̀.

Fífi ike há síbẹ̀ láìde okùn mọ́ ara, tàbí fífi okùn lásán so bọ́tìnnì nígbà tí ike ti sọnù, kò yàtọ̀ sí àìní okùn rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ní Padstow ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni mẹ́fà nínú ẹbí kan já bọ́ láti inú ọkọ̀ wọn. Okùn kò sí lára awakọ̀, ọkọ̀ náà yí padà sórí wọn, ẹni méjì sì kú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ lílò rẹ̀ di dandan fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 nígbà tí wọ́n bá ń sáré.

Irú rẹ̀ lára rọ́bọ́ọ̀tì

Àwọn tí ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré fún ìdíje ìjà, irú èyí tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn nínú ètò Robot Wars ní ọdún 1998, ń lo ohun tí ó jọ ọ́. Níbẹ̀, bátìrì ni orísun iná, nítorí náà yíyọ ń já iná ní tòótọ́. Wọ́n á gé wáyà pupa tí ó ti ara bátìrì wá, wọ́n á fi òjé lẹ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ abo ìsopọ̀ kan. Wọ́n á wá fi wáyà kúkurú tí ó nípọn so ẹsẹ̀ méjèèjì akọ rẹ̀ pọ̀. Bí akọ bá wọ inú abo, iná á kọjá. Bí a bá fà á yọ, rọ́bọ́ọ̀tì á kú. XT60, tí a ṣe fún nǹkan bí áńpíà 60, wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n bí akọ yìí bá bá ẹnu bátìrì fúnra rẹ̀ mu, ẹnìkan lè ṣèèṣì kì í bọ ibẹ̀ tààrà. Ẹnu méjèèjì bátìrì yóò kan ara wọn, ó sì lè gbiná. Nítorí náà ó dára kí irú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti bátìrì. A sì gbọ́dọ̀ gbé e síbi tí a ti lè yọ ọ́ láti òde láìtú ìdérí, jìnnà sí ohun ìjà tí ń yí, nítorí pé ẹni tí yóò yọ ọ́ ní láti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tí iná ṣì wà lára rẹ̀.