Ṣé o mọ̀? Pákó kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn ńlá

Ṣé o mọ̀ pé líta ni wọ́n fi ń wọn pákó onígbòkun, èyí tí ayé ń pè ní wíńdísọ́ọ̀fù? Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni iye omi tí yóò tì sápá kan bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ rì pátápátá. Líta omi odò kan wọn kílò kan, nítorí náà pákó líta 100 ò lè gbé ju kílò 100 lọ, tòun ti ìwúwo ara rẹ̀.

Ṣé o ti ṣírò tìrẹ? Ká ní o wọn kílò 75, kí pákó wọn 8, kí ìgbòkun tòun ti òpó rẹ̀ wọn 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 92. Bí atẹ́gùn bá dákẹ́, pákó tí kò tó líta 92 á rì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Má méfò ìwúwo rẹ o. Gun òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ra kòkó ní Ọ̀nà-Àrà fi ń wọn àpò, kí o sì ronú kan aṣọ tó ti rin fún omi.

Ṣé o mọ̀ pé omi òkun ń gbé nǹkan ju omi odò lọ? Iyọ̀ ló fà á. Pákó líta 110 á gbé ohun tó tó kílò méjì àti ààbọ̀ sí i lójú òkun Tarkwa Bay l'Ékòó ju ohun tí yóò gbé ní adágún Aṣéjíre lọ.

Aṣéjíre yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ti rí i: odò Ọ̀ṣun ni wọ́n dí ní ìhà Ẹgbẹ́dá, kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Omi pọ̀ níbẹ̀, àwọn apẹja ń tukọ̀ lórí rẹ̀. Atẹ́gùn ni kò tó. Kí pákó kékeré tó lè gbéra, kí ó máa sáré lójú omi dípò kí ó máa la omi kọjá, ó ń fẹ́ nọ́ọ̀tì 12 sí 15, ìyẹn kìlómítà 22 sí 28 ní wákàtí kan. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, atẹ́gùn ilẹ̀ Ìbàdàn kì í súnmọ́ ibẹ̀. Ọyẹ́ lè gbẹ ètè, ó lè gbẹ aṣọ, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi wọ́ ènìyàn lórí omi kì í sábà sí lára rẹ̀. Èyí tó le dáadáa ni ìjì tó ń ṣáájú òjò, tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ wá ṣí páànù ilé káàkiri Lágelú àti Akínyẹlé. Ìyẹn kì í pẹ́ lọ, tòun ti àrá ló sì ń bọ̀. Ẹni tó bá di òpó ìgbòkun mú láàárín adágún nígbà tí mànàmáná ń kọ ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe Ṣàngó ni.

Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ máa ṣeré yìí l'Aṣéjíre kò gbọdọ̀ tíì ta pákó ńlá rẹ̀. Ti Dàkár yàtọ̀: atẹ́gùn ibẹ̀ ń fẹ́ déédéé láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń wá kékeré? Bí ẹ̀fúùfù bá le, pákó ńlá á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ìgbì, imú rẹ̀ á máa gbéra sókè, kò sì ní fẹ́ yí. Kékeré ń gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lẹ́nu.

Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé orí pákó ńlá ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí kékeré yóò bi ọ́? Lórí ńlá, o lè dúró kí o fi okùn fa ìgbòkun sókè. Kékeré kò ní dúró dè ọ́. O gbọ́dọ̀ lè sùn sínú omi, kí o na ìgbòkun sí atẹ́gùn, kí òun fúnra rẹ̀ fà ọ́ gòkè sórí pákó. O gbọ́dọ̀ ti mọ bẹ́líìtì onírin ìkọ́ lò, kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sì lè wọ inú okùn ẹsẹ̀ nígbà tí pákó bá ń sáré. Ẹni kílò 75 tó wà lórí líta 160 lè sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 130. Ẹni tó bá fò láti 160 sí 95 lẹ́ẹ̀kan náà, lílúwẹ̀ẹ́ ni yóò mọ̀ dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé bí atẹ́gùn bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ lára ìgbòkun á di ìlọ́po mẹ́rin? Ìdí nìyẹn tí ìgbòkun kékeré fi yẹ kí ó ṣáájú pákó kékeré.

Líta nìkan kọ́ o. Pákó méjì lè jẹ́ líta 120, kí ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá fẹ̀ ju èkejì lọ. Èyí tó fẹ̀ ni kò ní dà ọ́ nù.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 12 ni Peter Chilvers nígbà tó kan pákó onígbòkun tirẹ̀ ní Hayling Island, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1958? Ọdún 1968 ni Hoyle Schweitzer àti Jim Drake ní Amẹ́ríkà tó lọ béèrè fún ìwé-ẹ̀rí pé àwọn ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Lọ́dún 1985, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ pákó ọmọdé yẹn, wọ́n sì fagi lé ìwé-ẹ̀rí náà níbẹ̀. Pákó Schweitzer gùn tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀; ti òde òní kò sábà ju méjì àti ààbọ̀ lọ.

Ní Lüderitz, ní Nàmíbíà, Antoine Albeau sáré dé nọ́ọ̀tì 53.27 lọ́dún 2015, ó kù díẹ̀ kí ó pé kìlómítà 99 ní wákàtí kan. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n atẹ́gùn aṣálẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí o wá gbọ́ èyí: pákó iQFoil tí wọ́n lò ní Òlíńpíìkì 2024 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 95, líta rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 200! Apá kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e kúrò lójú omi pátápátá, nọ́ọ̀tì 8 sí 10 sì lè tó o. Irú èyí ni mo rò pé ó bá Aṣéjíre mu ju kékeré lọ. Àwọ̀n àwọn apẹja ni kí o ṣọ́ra fún, torí apá yẹn ń lọ sísàlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan.

Ṣé tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà? Tẹ ojú rẹ̀ níbi tí gìgísẹ̀ ń dúró sí. Bí ó bá rọ̀, inú ti bàjẹ́. Wo imú rẹ̀ fún sísán. Lẹ́yìn náà, gbé e sórí òṣùwọ̀n oníkòkó yẹn kan náà: bí ó bá fi kílò kan tàbí méjì ju iye tí àwọn tó ṣe é kọ lọ, omi ló wà nínú rẹ̀.