Bí Ọmọ Wa Bá Fẹ́ Ra Alùpùpù Àlòkù ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba: tí wọ́n bá ra alùpùpù àlòkù, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kí wọ́n gbà.

Kí wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ V5C wò, kí nọ́ńbà ara alùpùpù bá ti inú ìwé mu. Ìwé yìí kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó ń tà á ló ni ín o. Kí wọ́n gba rìsíìtì, bí àwa náà ṣe ń gbà á lọ́jà, àti awẹ́ aláwọ̀ ewé tó wà lára V5C. Owó orí ọkọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ san kì í bá ọjà lọ. Ẹni tó rà á ni yóò san tuntun. Láìsí ìnṣọ́ránsì, ọlọ́pàá lè gbé e lọ.

Ẹni tó bá tà á ńkọ́? Kó sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá sọ, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíì bá fi alùpùpù náà dá, ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ni lẹ́tà máa wá. Àlejò nílùú onílùú, ìyẹn ò dáa.