Ìjẹ̀bú-Òde Nínú Àpótí Dígí

Bí o bá sọ fún ará Abẹ́òkúta pé o ń sin ẹja nínú ilé, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Ó ti tó kílò mélòó?" Kò ṣẹ̀ ọ́. Láti Ọbáńtokò dé Lafẹ́nwá, àrọ̀ là ń pè ní ẹja ọ̀sìn, ìkòkò ata ni ilé rẹ̀ ìkẹyìn. Ta ni yóò máa bọ́ ẹja tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí kò sì ní í dé inú ọbẹ̀ láéláé?

Àwọn kan ń bọ́ ọ ní Jámánì, ní Britain àti ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ sì ti pẹ́. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí dígí wọn kò nílò ògbufọ̀ fún ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn: Aphyosemion bitaeniatum "Ijebu Ode". Òmíràn ń jẹ́ Fundulopanchax gardneri "Akure". Kí Ẹ̀gbá má bínú o, Ìjẹ̀bú náà ló tún ṣáájú.

Killifish ni wọ́n ń pe ìran ẹja yìí. Kì í ṣe pé ó ń pani. Odò tóóró ni àwọn ará Netherlands ń pè ní kil. Inú àbàtà àti odò kéékèèké abẹ́ igbó ni bitaeniatum ń gbé, láti Tógò gba ilẹ̀ Benin dé gúúsù Nàìjíríà. Láti 1924 ló ti ní orúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Orúkọ ìlú tó tẹ̀ lé e ní ìdí tirẹ̀. Jørgen Scheel, ọ̀gágun ará Denmark tó kọ Rivulins of the Old World ní 1968, wà lára àwọn tó rí i pé ẹja méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí iye krómósómù wọn má dọ́gba. Ojú nìkan kò wá tó mọ́ láti fi dá wọn mọ̀. Ló bá di òfin láàárín àwọn tó ń sìn wọ́n: má ṣe fi ẹja àbàtà kan gun ti àbàtà mìíràn, kí o sì kọ ibi tí wọ́n ti bù ú sí i lára.

Ẹyin ló gbé orúkọ náà rìn. Ẹyin ẹja yìí le, ìka kì í fọ́ ọ bọ̀rọ̀. Wọn a fi ewéko jíjẹrà tó tutù díẹ̀ wé e, wọn a dì í sínú ọ̀rá, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́.

Akọ ló ń múra. Àwọ̀ rẹ̀ a máa dán, lẹbẹ ẹ̀yìn àti ìrù rẹ̀ a gùn ṣọnṣọ. Abo ò ní ṣekárími, ilà dúdú méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló hàn jù. Fi òwú ìhunṣọ kọ́ sínú omi, ibẹ̀ ni abo yóò máa lẹ ẹyin mọ́, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣà á sínú abọ́ mìíràn kí àwọn òbí má baà jẹ ẹ́. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó pa. Fundulopanchax filamentosus, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìhà tiwa, kò fẹ́ òwú. Ilẹ̀ ló ń rì ẹyin rẹ̀ mọ́. Wàá kó ilẹ̀ náà jáde, wàá fún omi rẹ̀ dànù, wàá sì fi pamọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó tún fojú kan omi. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló kọ́ ọ ní sùúrù yẹn.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń mú àrọ̀ yé á rẹ́rìn-ín. Abo àrọ̀ inú agbada kì í dá yé, àfi kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fọwọ́ tẹ ẹyin jáde níkùn rẹ̀. Akọ, tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ara tó yọ nítòsí ihò ìdí rẹ̀ mọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló sábà máa ń bá a lọ, nítorí pípa ni wọ́n ń pa á kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń fúnni lówó. Killi kò béèrè ju abọ́ omi, òwú àti tanwíji lọ. Tanwíji kì í sì í ṣe nǹkan tí à ń rà ní Abẹ́òkúta. Ìdérí ṣe pàtàkì ṣá, torí killi mọ fífò.

Ìbátan epìyà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní kribensis, Pelvicachromis pulcher, ọmọ gúúsù Nàìjíríà. Níbi tiẹ̀, abo ló ń ṣoge, ikùn rẹ̀ a pọ́n bí osùn nígbà tó bá fẹ́ yé. Fún un ní àfọ́kù ìkòkò, abẹ́ rẹ̀ ni yóò yé sí, tòun tọkọ yóò sì jọ ṣọ́ ọmọ. Bí omi bá kan díẹ̀, akọ ló máa ń pọ̀ jù nínú ọmọ wọn.

Bí o bá wá bu ẹja kékeré kan nínú àbàtà lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, kọ orúkọ abúlé ibẹ̀ sára ike kí o tó kúrò létí omi. Aphyosemion gardneri ni ìwé ń pe ti Àkúrẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yí i sí Fundulopanchax. Àkúrẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.