Ẹ̀sùn Mẹ́ta Tí A Fi Kan Ẹran Ọ̀sìn

Bí ènìyàn bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá ní ọ̀sán gangan nínú oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tíì dé tán, yóò rí ewúrẹ́ tí ó kọ oúnjẹ, ẹlẹ́dẹ̀ tí ń yí nínú ẹrọ̀fọ̀, àti adìẹ abólọ́rùn tí oníbàárà ń fojú fò. A ní ọ̀lẹ ni èkíní, ọ̀bùn ni èkejì, òbùrẹ́wà ni ẹ̀kẹta. Ẹ jẹ́ kí a tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ara ewúrẹ́ a máa gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti adìẹ a sì tó 41. Bí ó bá fi ìwọ̀n mélòó kan ju èyí lọ, ẹ̀mí bọ́ sínú ewu. Oòrùn nìkan kọ́ ni ó sì ń mú ara gbóná: oúnjẹ tí ń kan nínú àpòlúkù ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ a máa mú ooru wá pẹ̀lú. Ewúrẹ́ tí kò jẹun lọ́sàn-án ń dín iná inú rẹ̀ kù ni.

Omi tí ń gbẹ lára ni ó ń gbé ooru lọ. Màlúù a máa làágùn. Ewúrẹ́ a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Adìẹ kò lè làágùn rárá, ìdí nìyí tí ó fi ń la ẹnu. Òógùn ẹlẹ́dẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ẹrọ̀fọ̀ ni ó fi ń ṣe òógùn. Ṣùgbọ́n bí aṣọ kì í ti í yá gbẹ nígbà tí òjò bá ṣú tí kò rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òógùn àti ìmí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà náà. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni adìẹ ń kú nínú ilé rẹ̀.

Ní ti abólọ́rùn, ìyẹ́ ni aṣọ adìẹ. Ọrùn tí ó ṣí sílẹ̀ ni ooru ń bá jáde. Ìwádìí ti fi hàn pé nínú ooru líle, a máa dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyẹ́ bò lọ́rùn lọ. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń sìn ín fún títà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí àwa bá pa á run nítorí ẹwà, àwọn ọmọ wa yóò fi owó ra ohun tí a dà nù.

Nítorí náà, a dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láre. Ẹ fún wọn ní ibòòji, omi tútù àti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má sì ṣe so ẹran mọ́ orí ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.